Ìwé Ìtàn Tí Ó Fún Ọmọ Ní Orúkọ Ohun Tí Ń Ṣe É

Ìyá kan tí ń gbé ní ìhà Badore, lẹ́bàá Àjáh, ni ó ránṣẹ́ pè wá ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. A ṣe bí ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ni, tàbí ti ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwé kan ni ó gbé kalẹ̀ níwájú wa, ó sì fi aṣọ bò ó bí ẹni pé ó lè ràn. Inú àpò ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 14, ni ó ti bá a. Ó ṣí i wò, ó sì rí i pé ìtàn ọmọbìnrin kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ni láti ojú-ewé kìn-ín-ní dé òpin. "Ẹ̀yin àgbà," ni ó wí, "bí ó bá ti ibẹ̀ wọ ọmọ mi lórí ńkọ́? Ṣé kí n dáná sun ún?"

A bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí a kọ́ kà á ná, kí a sì gbọ́ ti ẹnu ọmọ náà. Ó gbà.

Ìwé náà ni Turtles All the Way Down, tí John Green ará Amẹ́ríkà kọ ní ọdún 2017. Ọmọbìnrin kan tí à ń pè ní Aza ni ìtàn náà dá lé lórí, ní ìlú Indianapolis. Ẹ̀rù kòkòrò tí ojú kò lè rí ń bà á. Ó rò pé wọn yóò pa òun, nítorí náà ó ń ṣí ojú ọgbẹ́ kan náà ní ìka rẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń dì í, ó sì tún ń ṣí i, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò mú ọgbọ́n wá. Òǹkọ̀wé náà ti sọ ní gbangba pé irú àìsàn yìí ń bá òun fínra. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń padà wá nínú ìwé náà ní gbogbo ìgbà, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń yí po tí ó sì ń fún sínú bí ó ti ń lọ, tí kò sì ní òpin. Nígbà tí a bi ọmọ náà léèrè pé kí ni yóò pe ọ̀rọ̀ náà ní èdè wa, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Okòtó." Ẹnu yà wá. Ẹni tí ó bá ti wo ikarahun ìgbín láti òkè rí yóò mọ̀ pé kò sí ìtumọ̀ tí ó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màmá mi, ẹ má bínú. Ìwé náà kọ́ ni ó kó o ràn mí. Ó ti ń ṣe mí tẹ́lẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀ ni." Ó sì jẹ́wọ́ pé lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, òun a máa dìde lọ wo ẹnu ilẹ̀kùn àti iná gáàsì ní ìgbà 9, àti pé bí òun bá ṣi í kà, òun ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ilé má baà jóná mọ́ ìyá òun lórí. Ìyá náà wo ilẹ̀. Ó ti gbúròó ẹsẹ̀ yẹn lóru fún ọdún kan, ó ti pè é ní ìwà ìrìnkurìn, ó sì ti na ọmọ nítorí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ro ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ wa ní Lẹ́kkí àti Àjáh ń kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ nítorí ìdánwò. Wọ́n ń kà á sórí nínú ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, ogún ọ̀rọ̀ lóní, ogún lọ́la, wọ́n a sì gbàgbé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì ìdánwò. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní ilẹ̀ Netherlands, Swanborn àti de Glopper, kó ìwádìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn jọ ní ọdún 1999, wọ́n sì rí i pé nínú 100 ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 15 ni ó máa ń mọ̀ nípa kíka ìwé lásán, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Kò pọ̀, ẹni kan lè wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ka ìwé púpọ̀ a tún máa bá ọ̀rọ̀ kan náà pàdé, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì fi di tirẹ̀. Nínú ìtàn, ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í dá wá. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú ènìyàn tí ń sunkún, tí ń sá lọ, tí ń purọ́ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti bá Aza jókòó kò ní í ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lò mọ́.

Kí ni àwa fúnra wa ní nílé? Wèrè, aṣiwèrè, dìgbòlugi: àwọn wọ̀nyí ni ó yá wa lẹ́nu jù, èébú sì ni gbogbo wọn. Ní Èkó, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹnìkejì rẹ̀ ṣẹ̀sín a ní kí ó lọ sí "Yábàá Lẹ́fùtì", nítorí ilé ìwòsàn tí ó ti wà ní Yábàá láti ọdún 1907. Ìwé òfin pàápàá kò yàtọ̀: òfin ọdún 1958 ṣì ń fi orúkọ tí a fi ń pe wèrè pe aláìsàn, títí a fi fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023.

Síbẹ̀ èdè wa kò ṣòfo rárá. A ní àníyàn, ìpayà, ìjáyà, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìsoríkọ́. A mọ̀ bí a ti ń sọ pé ọkàn ẹni pòrúúru, tàbí pé àyà ẹni ń já. A tún ní ọdẹ orí, èyí tí oníṣègùn Makanjuola kọ̀wé lé lórí ní ọdún 1987: ẹni tí ó ń ṣe a ní ohun kan ń rìn nínú orí òun, etí òun sì ń hó. Nígbà tí Leighton ará Amẹ́ríkà àti Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó mú kí àwọn aláìsàn Aro máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká láti ọdún 1954, ṣe ìwádìí láàrin àwọn ará wa, ìwé wọn jáde ní ọdún 1963. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ènìyàn mọ àmì ìrẹ̀wẹ̀sì dáadáa, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìtàn kan wà níhìn-ín tí ó dùn mọ́ wa púpọ̀. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń gbóná, tí ojú ń ṣú, tí ohun tí wọ́n bá kà kì í sì í dúró. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ń pè é ni "brain fag", èyíinì ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé fi rò pé àìsàn àwa adúláwọ̀ nìkan ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, Oyèdèjì Ayọ̀nrìndé, ọ̀kan nínú àwọn tiwa, fi hàn pé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ara wọn láti bí 100 ọdún ṣáájú. Ọ̀rọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa, a gbé e wọ̀, a sì gbàgbé ẹni tí ó rán an.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Tsitsi Dangarembga, ọmọ ilẹ̀ Zimbabwe, tẹ Nervous Conditions jáde ní ọdún 1988. Nínú rẹ̀ ni Nyasha, ọmọ olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ti kọ oúnjẹ títí ó fi rù hangogo. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà òyìnbó, ó ní kò lè jẹ́ àìsàn, nítorí irú rẹ̀ kì í ṣe adúláwọ̀. Àwa kà á, inú sì bí wa. Ṣùgbọ́n a rántí pé àwọn àgbà tiwa náà ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́ nínú yàrá àlejò wọn.

A kò wí pé kí a da gbogbo ìwé wọ̀nyí lé ọmọdé lọ́wọ́. Speak tí Laurie Halse Anderson kọ ní ọdún 1999 jẹ́ ìtàn ọmọbìnrin tí ọkùnrin fi ipá bà jẹ́, tí kò sì lè fọhùn mọ́. Ìwé rere ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ dá nìkan kà á. Àwọn ọmọ mìíràn a sì máa fi ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́: ẹni tí a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ kan a ní ìsoríkọ́ ń ṣe òun. A ti rí èyí pẹ̀lú, a sì rẹ́rìn-ín. Òbí tí ó bá bá ọmọ rẹ̀ ka ìwé ni yóò mọ èyí tí í ṣe ọ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ọgbẹ́. Àwọn tí ó sì rò pé kò yẹ kí Kristiani ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, níbi tí Èlíjà ti jókòó lábẹ́ igi tí ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun. Ohun tí a kọ́kọ́ fún un kì í ṣe ìbáwí. Oorun ni, àti àkàrà, àti omi.

Ìyá ará Badore náà mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. A gbọ́ pé nígbà tí a bi ọmọ náà léèrè ohun tí ń ṣe é, kò wí pé orí ń fọ́ òun, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wí tẹ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, dókítà náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtọ́jú ń lọ lọ́wọ́. Iye ìgbà tí ó ń dìde lóru ti dín sí 4.

Nígbà tí a tún kọjá lọ́dọ̀ wọn, aṣọ kò sí lórí ìwé náà mọ́. Ìyá ni ó ń kà á, pẹ̀lú awò lójú àti lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, ó sì ń ké sí ọmọ rẹ̀ ní yàrá pé kí ó wá sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí ní ojú-ewé kejìlélógójì.