Ẹ má jẹ́ kí owó tẹ́ ẹ fi ra ẹ̀rọ CPAP di òkú owó

Ọlọ́jà tó bá ń tòògbé nídìí ọjà lọ́sàn-án gangan, ọ̀lẹ làwọn èèyàn sábà máa ń pè é. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà lọ́rọ̀ ọ̀lẹ wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ń sùn lóru, tí wọ́n á máa hanrun títí ilẹ̀ á fi mọ́, síbẹ̀ tí oorun ò ní í dá lójú wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣi owó kà, ó lè fún oníbàárà ní ṣéńjì tó ju tiẹ̀ lọ. Tó bá wá jẹ́ ẹni tó ń fi mọ́tò ara ẹ̀ lọ kó ọjà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó nìyẹn, ó ti di ti ẹ̀mí.

Sleep apnea làwọn dókítà ń pe àìsàn tó máa ń fa irú oorun bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí onítọ̀hún bá ti sùn, ẹran inú ọ̀fun ẹ̀ á dẹ̀, á sì dí ọ̀nà èémí. Èémí á dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ á ta á jí kó lè mí, á tún sùn padà láìmọ̀ pé òun jí rárá. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan.

Ẹ̀rọ CPAP ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú ẹ̀. Ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú páìpù rọ́bà lọ sínú ìbomú, kí ọ̀fun má baà dí. Colin Sullivan, dókítà kan nílùú Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn ẹ̀ jáde lọ́dún 1981.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú. Àmọ́ àwọn mìíràn á rà á, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìnira kéékèèké tó ní àtúnṣe. Àwọn àtúnṣe náà rèé.

Tí ìbomú bá ń dunni tàbí tó ń jò: Ẹ má kàn fún okùn ẹ̀ pinpin, ìyẹn gan-an ló ń fa egbò lójú. Orí ìdùbúlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ fọ ojú kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, kí òróró ara má baà jẹ́ kó máa yọ̀. Tí kò bá ṣì bá yín mu, ẹ béèrè fún ìwọ̀n mìíràn tàbí irú mìíràn. Òmíràn ń bo imú nìkan, òmíràn ń bo imú àti ẹnu.

Tó bá ń ṣe yín bíi pé èémí fẹ́ há: Ẹ máa wọ̀ ọ́ lójúmọmọ, nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣírò owó ọjà tàbí tẹ́ ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà ló tún ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀, tí atẹ́gùn á fi rọra bẹ̀rẹ̀ kó tó le.

Tí ẹnu tàbí imú bá ń gbẹ: Ike omi máa ń wà lára ẹ̀rọ náà tó ń fi ọ̀rinrin sínú atẹ́gùn. Ẹ ó mọyì ẹ̀ nígbà ọyẹ́. Omi distilled ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sísàlẹ̀ ju orí yín lọ, kí omi má baà ṣàn wọ imú.

Tí inú bá ń wú láàárọ̀: Atẹ́gùn lẹ ń gbé mì. Ẹ má fọwọ́ ara yín yí agbára ẹ̀rọ náà padà, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Ní ti iná: Ẹ̀rọ náà lè lo ínfátà. Ooru tó ń gbé omi gbóná ló ń jẹ iná jù, tẹ́ ẹ bá pa á, bátìrì á pẹ́ sí i. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí fèrèsé yàrá. Atẹ́gùn inú yàrá lẹ̀rọ yìí ń fà, tí èéfín bá wọlé, yóò fẹ́ ẹ wọ imú yín tààrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ṣọ́ra. Lóṣù kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Philips kéde pé kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ náà tí wọ́n ṣe padà, torí fóòmù inú ẹ̀ tó lè bàjẹ́, tí aláìsàn á sì fà á símú. Ẹ yẹ nọ́mbà ara ẹ̀rọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìbomú tí ẹlòmíì ti lò, ẹ má rà á.

Tẹ́ ẹ bá ti wá ń lò ó, tí oorun ọ̀sán ò sì lọ, tàbí tí imú ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Títí tójú yín á fi dá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa wa mọ́tò ọjà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CPAP ló ń ka iye wákàtí tẹ́ ẹ fi lò ó. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń yẹ ìwé owó ọjà wò. Bí wákàtí náà bá ṣe ń gòkè ni owó tẹ́ ẹ ná ṣe ń mú èrè wá.