Ìwọ̀n Àyè Ohun Abàpótí Tí Ẹ̀gbẹ́ Rẹ̀ Kì Í Ṣe Odidi: Àpẹẹrẹ Búlọ́ọ̀kù Ìkọ́lé

1.0 Ìfáàrà
Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ (Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987) bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nínú ètò náà. Olùkọ́ tí ó bá ń tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yóò kan ìṣòro kan níbi ìwọ̀n àyè ohun abàpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìdá. Àṣìṣe tí ó máa ń wáyé níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti sísọdipúpọ̀. Àìbéèrè pé ìdá náà jẹ́ ìdá kí ni ló ń fà á.

2.0 Ẹ̀gbẹ́ tí ó jẹ́ odidi
Kúúbù ẹsẹ̀ bàtà kan ni àpótí tí òòró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan kan. Bí òòró àpótí bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ìbú jẹ́ 3, tí gíga sì jẹ́ 2, irú kúúbù bẹ́ẹ̀ 24 ni yóò kún inú rẹ̀. Kíkà lásán ti tó.

3.0 Ẹ̀gbẹ́ tí ó ní ìdá
Òòró búlọ́ọ̀kù ńlá tí àwọn bíríkìlà ń lò jẹ́ íǹṣì 18; ìbú rẹ̀ jẹ́ 9, gíga rẹ̀ jẹ́ 9. Bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n, ó di 1½, ¾ àti ¾. Kúúbù ẹsẹ̀ bàtà kan kò lè wọ inú irú àyè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kúúbù kékeré ni a ó lò, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ¼ ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn íǹṣì 3. Mẹ́fà yóò tò sí òòró, mẹ́ta sí ìbú, mẹ́ta sí gíga: 6 × 3 × 3 = 54.

Ibí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní ìdámẹ́rin ni kúúbù kékeré, á sì pín 54 sí mẹ́rin, yóò wá rí 13½. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kúúbù ẹsẹ̀ bàtà méjì tí a tò síra gba búlọ́ọ̀kù náà tán, àyè sì tún ṣẹ́kù. Ní tòótọ́, 4 × 4 × 4, èyí tíí ṣe 64, ni kúúbù kékeré tí yóò kún kúúbù ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìwọ̀n àyè búlọ́ọ̀kù náà jẹ́ 54/64, èyí tí ó dín kù sí 27/32.

Ìdáhùn kan náà ni sísọdipúpọ̀ ń mú wá:
6/4 × 3/4 × 3/4 = 54/64.
Nọ́ńbà òkè ń sọ iye kúúbù kékeré tí ó wà nínú búlọ́ọ̀kù. Ti ìsàlẹ̀ ń sọ iye tí yóò kún odidi kan. Ìwọ̀n ìta nìkan ni èyí: bí búlọ́ọ̀kù bá ní ihò, àyè ihò ni a ó yọ kúrò kí a tó mọ ìwọ̀n àpòpọ̀ iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀.

4.0 Ìkádìí
Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní àtúnṣe sí àṣìṣe yìí. “Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin” kì í dá dúró. Ó ń béèrè odidi tí a pín. Ìdámẹ́rin ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ ìpín gígùn; ìdámẹ́rin kúúbù jẹ́ ìpín àyè. Olùkọ́ tí kò bá gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ dákẹ́ síbi “ìdámẹ́rin” lásán ti dí ojú ọ̀nà àṣìṣe náà.