Bí A Ṣe Kó Ìwé Ilé Wa Sínú Fódà Kan

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí èmi àti Dádì mi ṣe ṣe fódà kan tí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé wa lè rí, tí a ń kó ìwé pàtàkì tí a bá ti scan sí.

Ìdí tí a fi ṣe é

Tẹ́lẹ̀, inú báàgì Ghana-must-go kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Mọ́mì ni gbogbo ìwé wa máa ń wà: ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí Dádì, àti àwọn lẹ́tà tí Bàbá àgbà kọ sí wa láti Ìbàdàn. Nígbà òtútù tó kọjá, páìpù bẹ́, omi sì ya wọ yàrá. Mọ́mì sáré fa báàgì náà jáde, àmọ́ omi ti débẹ̀.

Ìwé ọjọ́ ìbí kò le jù, a lè sanwó kí ìjọba fún wa ní òmíràn. Lẹ́tà ló dùn wá. Èyí tí Bàbá àgbà kọ nígbà tí wọ́n bí mi, tó fi fún mi ní oríkì mi, Àdùkẹ́, yíǹkì ti ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. A ò lè ka ìlà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn mọ́. Bàbá àgbà sì ti papò dà, kò sẹ́ni tá a máa bi pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Dádì ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Gbogbo ẹ̀ la máa scan." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ṣe é.

Kí ni fódà àjọlò?

Mọ́mì ní ó dà bíi kànga àárín agboolé. Ẹni tó bá wà nínú agboolé lè pọn omi níbẹ̀, ẹni tó wà níta ò lè débẹ̀. Wi-Fi ilé wa ni agboolé, fódà yẹn ni kànga. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà, àwọn kọ̀ǹpútà tó kù ń wò ó láti ibi tí wọ́n wà. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tó gbé fódà náà gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Tó bá ti sùn, kànga ti tì nìyẹn.

Bí a ṣe ṣe é

Ìkíní: Orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ Dádì, tó ń lo Windows, la ṣe fódà náà sí. A pè é ní Iwe_Ile. Inú rẹ̀ la tún ṣe fódà kéékèèké sí: Ojo_Ibi, Ile_Iwe, Leta.

Ìkejì: A fún scanner ní orúkọ àti password tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ má fi password tiyín sínú scanner o, torí inú ẹ̀rọ yẹn ló máa wà títí.

Ìkẹta: A tẹ fódà náà pẹ̀lú bọ́tìnì ọ̀tún eku, a lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Sharing, lẹ́yìn náà Advanced Sharing. Níbẹ̀, Permissions ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ní Read lè ṣí ìwé kó sì kà á, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní Change lè fi ìwé síbẹ̀, ó sì lè pa á rẹ́. A yọ Everyone kúrò. A fún Dádì, Mọ́mì àti scanner ní Change, a fún àwa ọmọ ní Read. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ Security sí, torí tí méjèèjì ò bá bára mu, èyí tó le jù ni kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé.

Ìkẹrin: A kọ àdírẹ́sì fódà náà sínú scanner: \\ILE-WA\Iwe_Ile. ILE-WA ni orúkọ kọ̀ǹpútà Dádì. Ìlà yẹn fì sẹ́yìn o, kì í ṣe bíi ti íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó kọ̀! Odindi wákàtí kan la fi ń gbìyànjú. Ìgbà tó yá la rí i pé SMB 1 ni scanner wa ń lò, èdè àtijọ́ kan tí Windows tuntun ti pa, torí àwọn olè lè gba ibẹ̀ wọlé. A ò tún un tàn. Sọ́fítíwíà scanner la sọ di tuntun, ó sì gbà.

Ìkarùn-ún: A scan lẹ́tà ní 300 dpi, a tọ́jú wọn ní PDF. A ò fi orúkọ tí scanner fúnra rẹ̀ máa ń fún wọn sílẹ̀, torí ta ló máa mọ ohun tó wà nínú Scan0017? Báyìí la ń kọ ọ́: 2014-06-02_Leta_BabaAgba. Tí ọdún bá ṣáájú, ìwé máa tò lẹ́sẹẹsẹ fúnra wọn. A ò fi àmì ohùn sí i, torí scanner wa ò mọ̀ ọ́n kọ. Olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú!

Àṣìṣe mi

Èmi ni mo jẹ̀bi èyí. Mo fẹ́ yí orúkọ àwọn lẹ́tà kan padà, ni mo bá fi password Dádì wọlé lórí laptop àwa ọmọ, mo sì jẹ́ kó rántí ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń wá àyè fún géèmù. Ló bá pa fódà Leta rẹ́. Mo sáré lọ wo Recycle Bin, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí èèyàn bá pa rẹ́ nínú fódà àjọlò láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn kì í lọ síbẹ̀, ó ti lọ pátápátá nìyẹn.

Mo bú sẹ́kún. Mọ́mì ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Lóòótọ́, a ò tíì ju àwọn lẹ́tà náà nù. Ọjọ́ Sátidé méjì la fi tún wọn scan.

Báyìí, password Dádì ò sí lórí laptop wa mọ́. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, Dádì máa ń ṣe ẹ̀dà fódà náà sínú háàdì díráìfù kékeré kan, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì gbé e lọ sílé Àǹtí mi. Torí pé gbogbo wa lè rí fódà kan kò túmọ̀ sí pé ó ti di méjì.

Ìlà mẹ́ta tí omi fọ̀ kò ní padà wá. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ìwé ìjọba ṣáájú. Ìjọba lè tẹ òmíràn. Lẹ́tà àwọn àgbà yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ scan.

Ó dàbọ̀ o.