Silene tomentosa

Silene tomentosa jẹ́ ewéko olódòdó kan tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi, tí a mọ̀ mọ àpáta Gibraltar, ní ìpẹ̀kun gúúsù ilẹ̀ Ìbéríà. Gibraltar campion ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti run pátápátá, kí wọ́n tó tún rí i ní ọdún 1994.

Orúkọ

Ìdílé Caryophyllaceae ni ewéko yìí wà, abẹ́ ìbátan Silene. Adolph Otth, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní ọdún 1824. Ọ̀rọ̀ Látìnì ni tomentosa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "onírun lára", nítorí irun wẹ́wẹ́ tí ó bo ewé àti ẹ̀ka rẹ̀.

Ìrísí

Ewéko tí ó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé ni. Kì í kú lẹ́yìn tí ó bá yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan. Ìdí rẹ̀ le bí igi, ó sì lè ga tó nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà. Ewé òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan là sí méjì lórí. Àwọ̀ wọn máa ń jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí àlùkò tí kò dúdú.

Ibùgbé

Gibraltar jẹ́ ilẹ̀ kékeré tí ó wà lábẹ́ ìṣàkóso Bírítéènì. Gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 6.8 km² lọ. Àpáta tí ó yọrí sókè níbẹ̀ ga tó 426 mítà. Irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀. Inú pàlàpálá àpáta yìí ni ewéko náà ń ta gbòǹgbò sí. Níwọ̀n bí ibùgbé rẹ̀ ti kéré tó bẹ́ẹ̀, ohun díẹ̀, bí òkúta tó ya lulẹ̀ tàbí ẹran tó jẹko, lè pa èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ run.

Bí wọ́n ṣe tún rí i

Ní ọdún 1994, ẹnì kan tí ó ń gun àpáta rí ẹyọ kan níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í sábà dé. Wọ́n gbin irúgbìn rẹ̀ sí ọgbà ewéko Alameda ní Gibraltar, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1816, àti sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá díẹ̀ nínú ohun tí ó hù padà sí orí àpáta.

Ìdáàbòbò

Òfin ààbò ohun abẹ̀mí tí Gibraltar ṣe ní ọdún 1991 dáàbò bo ewéko yìí. Irúgbìn rẹ̀ wà ní ilé ìpamọ́ irúgbìn Kew pẹ̀lú. Níbẹ̀, wọ́n máa ń gbẹ irúgbìn dáadáa, wọn a sì fi sínú òtútù tí ó tó -20°C, kí ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìtàn ewéko yìí fi hàn pé bí wọ́n bá sọ pé ohun kan ti run, ìwọ̀n ibi tí ojú dé ni ọ̀rọ̀ náà mọ. Ó sì fi hàn pé ẹyọ kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù tó láti fi gbin òmíràn, bí a bá tètè rí i.