Ṣé O Mọ̀? Òru Mẹ́sàn-án Yí Ìkòkò Oníhò Ká

Ṣé o mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀ Sanskrit kan, garbha, ni orúkọ ijó garba ti wá, ilé ọmọ nínú ìyá sì ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ìdí rèé tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò amọ̀ kan sí àárín agbo, tí wọ́n dá ihò sí i lára, tí fìtílà ń jó nínú rẹ̀. Ìkòkò ni ara, iná inú rẹ̀ ni ẹ̀mí. Ẹni tó bá ti rí ajere iná tí ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń rù ti mọ irú ìkòkò tí mò ń wí. N ò ní wọ́n bára tan o. Ojú ló jọra.

Ìpínlẹ̀ Gujarat, ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, nilé garba. Àsìkò rẹ̀ gan-an ni Navratri, òru mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń pè ní Amba tàbí Durga, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ọdún.

Ṣé o mọ̀ pé agbo náà kì í yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí? Òdìkejì ni. Bí o bá ń jó lọ, apá òsì rẹ ni ìkòkò máa wà. Bí èrò bá pọ̀, agbo mìíràn á tún yí agbo ká. Wọ́n ní ayé ló ń yí bẹ́ẹ̀, à ń bí ni, à ń kú, a tún ń bí ni. Òrìṣà tí ìkòkò àárín dúró fún nìkan ni kì í kúrò lójú kan.

Àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ àlejò. Be taali ni àtẹ́wọ́ méjì, tran taali ni mẹ́ta: o tẹ̀ síwájú, o pàtẹ́wọ́, o nàró, o yí. Ó rọrùn, àbí? Dúró kí onílù dhol mú eré sí i. Pẹ̀lẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá yá, òógùn á bò ọ́. Tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, agbo ẹ̀yìn pátápátá ni kó o wà. Má wo ẹsẹ̀ ara rẹ, ẹni iwájú rẹ ni kó o wò. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì ọ́, má dúró, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa kọ lù ọ́: máa bá wọn rìn títí àtẹ́wọ́ á fi tún yí kàn ọ́. Orin ńkọ́? Ẹnì kan á dá a, agbo á gbè é.

Ṣé o mọ̀ pé ijó onígi yàtọ̀? Raas nìyẹn, dandiya ni wọ́n ń pe igi tí àwọn oníjó fi ń lu ti ara wọn. Wọ́n ní igi náà dúró fún idà tí Durga fi bá ànjọ̀nú Mahishasura jà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìka ọwọ́ rẹ̀ kó lajú.

Chaniya choli ni aṣọ obìnrin. Yẹ̀rì rẹ̀ kún fún dígí wẹ́wẹ́, bó bá pòyì, á ṣí bí agbòòrùn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé: ní àdúgbò Sadu Mata ni Pol, ní Ahmedabad, ọkùnrin ló ń ró sari, aṣọ obìnrin, jó garba ní òru kẹjọ Navratri. Ìtàn wọn ní obìnrin kan, Sadu, ké gbàjarè sáwọn ọkùnrin àdúgbò, wọn ò gbà á sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ kú, ó sì ṣépè fún wọn. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ ọkùnrin wọ̀nyẹn ń fi sari tọrọ àforíjì títí dòní.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Idi Amin lé àwọn ará Éṣíà kúrò ní Uganda lọ́dún 1972, àwọn ará Gujarat tó wà lára wọn gbé garba dé Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Nígbà tó di 2023, UNESCO fi garba sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé.

Ṣé o sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníjó náà ń gbààwẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Navratri? Ní ọjọ́ kẹwàá, Dussehra, ni ẹnu ń ṣí. Láàárọ̀ kùtù, èrò á ti tò níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta fafda, ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n dín gbẹ, àti jalebi tí omi ṣúgà ń kán lára rẹ̀.