Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tẹ “Ìjẹ̀bú-Igbó” sórí fóònù yín, kí ẹ wá máa pa á rẹ́ láti ẹ̀yìn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tẹ́ ẹ bá dé orí ẹ̀, àmì ohùn ló máa kọ́kọ́ lọ. Lẹ́tà ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Unicode, ìlànà tó jáde ní 1991 tí gbogbo ayé ń lò báyìí, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún ù náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹ ni, àmì ohùn wá tẹ̀lé e. Kódà, ẹ fúnra rẹ̀ ṣeé kọ lọ́nà méjì: lẹ́tà kan, tàbí e pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú wa ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Àwọn ètò kan mọ̀ ọ́n o! Ẹ ó wá “Ìjẹ̀bú” nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀, yóò ní kò sí.

Ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn kan já gbogbo àmì dànù. Èmi ò gbà. Ní Ogun Waterside, tí oko àti ọkọ̀ ojú omi jọ jẹ́ dúkìá, tí bàbá kan bá kọ “oko mi” láìlámì sínú ìwé ìhágún, kí ni àwọn ọmọ fẹ́ pín?

Nínú Gboard, ẹ fi Yorùbá kún èdè yín. Kí gbogbo ẹni tó ń kọ sínú fáìlì kan náà sì lo kíbọọ̀dù kan náà.