Iléeṣẹ́ Ló Jẹ Gbèsè, Ẹgbẹ́ Ló Ń San Án

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan nínú wa tó ń ta ẹja ní Agboyi wá bá wa pé òun fẹ́ yá owó. Ẹ̀rọ ló gé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ìka méjì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ fún un lówó ọkọ̀, ó ní kó lọ sinmi nílé. A yá ìyá náà lówó, kò sí ẹni tó lòdì sí i nínú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tú ká, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa: ta ló jẹ gbèsè yìí gan-an?

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá fara pa ló ni ìyà ara rẹ̀. Ọdún 1941 ni ìjọba Òyìnbó ṣòfin pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, ní 18 November 1949, nígbà tí àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, Enugu, ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, ọlọ́pàá yìnbọn, ènìyàn 21 sì kú. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ni ibi ìwakùsà ọ̀hún o!

Lẹ́yìn òmìnira, nǹkan sàn díẹ̀. Láti 1961, òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ ń dá owó sí National Provident Fund fún ọjọ́ alẹ́. Ìgbà tó yá ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba òṣìṣẹ́ ojúmọ́ lọ́wọ́ kọngílá, kí wọ́n lè sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀nà Ìkòròdú tó gba Ketu kọjá yìí náà ló lọ sí Odogunyan, níbi tí iná ti jó iléeṣẹ́ rọ́bà kan lóru ní September 2002. Ìròyìn sọ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sínú. Ọ̀pọ̀ wọn kò jáde.

Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti 2010, ẹ fetí sí i dáadáa. Ọ̀gá ló ń dá kọ́bọ̀ kan lórí náírà kọ̀ọ̀kan tó ń san fún òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF. Òṣìṣẹ́ kì í dá nǹkan kan sí i. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ wà nínú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ìwé àdéhùn. Ẹni tó fara pa gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá láàrin ọjọ́ 14, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàrin ọjọ́ 7. Ọdún kan ni àyè wà láti bèèrè owó náà. Bó bá jẹ́ ikú ni, àwọn tí olóògbé ń bọ́ lè bèèrè.

Ti ìlú ńkọ́? Láti 2021, òfin epo ní kí iléeṣẹ́ epo máa fi náírà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná lọ́dún tó kọjá sílẹ̀ fún àwọn ìlú tó ti ń wa epo. Kò kan àwa etí odò Ògùn, tí omi ìsédò Ọ̀yán ti 1983 ń bọ̀ wá bá. Ní October 2010, omi lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú (kì í ṣe ti Àpápá) kúrò nílé, ìjọba sì kó àwọn kan lọ sí Agbowa. Ìyẹn fún ọjọ́ mìíràn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ 14 pé nígbà tí a bá ọmọ náà kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ rẹ̀. A mú ẹ̀dà kan pamọ́ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Wọn kò tíì fèsì. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í san ẹ̀yáwó náà padà, nítorí náà ní ìpàdé tó ń bọ̀ a ó bi yín bóyá kí a dá èlé orí rẹ̀ dúró.